Ilé Olókùúta Tí A Ń Kágò Fún

Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà. Èmi Sànmí tí mo fi ohùn pásítọ̀ pe Wúràọlá onídìrí lórí fóònù, tó kúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù tó ń dáhùn "Àmín, sà", èmi náà ni mo ní kí ẹ gbà mí gbọ́ lónìí. Ó dáa. Ẹ má gbà mí gbọ́. Dádì mi wà níbẹ̀, ẹ bi í. Lorenzo wà níbẹ̀, Italiano lẹ máa fi bi òun. Mọ́mì nìkan ni kí ẹ má bi. Ẹ bá mi fi Mọ́mì sílẹ̀ o.

Iṣẹ́olúwa, kí lò ń wẹ̀yìn sí? Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni. Ìyá tó bí Dádì. Nígbà tí bàbá àgbà kú ní Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tó kù nílé mọ́. Àwọn àbúrò Dádì ti fọ́n ká, àwọn ọ̀rẹ́ Màmá ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dádì bá lọ mú un wá sí Torino. Ó gbé e gun àtẹ̀gùn ilé wa ní àdúgbò Barriera di Milano, àjà kẹrin, ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè níbẹ̀, ti kú kí wọ́n tó bí mi. Màmá dókè, ó jókòó sídìí fèrèsé, ó ń wo tram. Ká sọ òótọ́, kò dìde níbẹ̀ mọ́.

Oúnjẹ, á tọ́ ọ wò, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, gbólóhùn kan ló kù. Bí Dádì bá ti dé láti magazzino, ilé ìkẹ́rù tó ti ń ṣiṣẹ́, tí ò tíì bọ́ bàtà:

"Dúrójayé, ìgbà wo lo máa mú mi lọlé?"

"Màmá, ta lẹ fẹ́ bá nílé?"

"Ilẹ̀. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀."

Dádì á wọ ilé ìwẹ̀, á ṣí omi sílẹ̀ kí a má baà gbọ́ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. A máa ń gbọ́.

Ó mọ̀ pé bí Màmá bá padà sí Ìsẹ́yìn, òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa jọ wà nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó máa rán an létí oògùn. Ó mọ̀ pé bó bá dúró sídìí fèrèsé yẹn náà, kò ní pẹ́. Ohun tó mú un lọ ra ilé olókùúta nìyẹn.

Orí òkè ni ilé náà wà, ní àfonífojì kan lẹ́yìn Torino, láàárín ilé díẹ̀ tó jẹ́ pé ológbò pọ̀ ju èèyàn lọ níbẹ̀. Òkúta ni ògiri. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo òrùlé. Igi àjà ti jẹrà, igi ọ̀pọ̀tọ́ kan sì ti gba inú kíṣìnì hù jáde lójú fèrèsé. Àmọ́ ilẹ̀ wà níwájú ẹ̀. Ilẹ̀ dúdú, tó fẹ̀, téèyàn lè gbin nǹkan sí.

Ọjọ́ tí Mọ́mì kọ́kọ́ rí i, kò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò.

"Bàbá Sànmí, kí lẹ rà yìí? Èmi ò tíì kú o. Kí ni mo fẹ́ ṣe nínú sàréè?"

"Tí a bá tún un ṣe, ó máa dáa."

"Ẹ tún un ṣe o. Mò ń wò yín."

A bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Lorenzo ni muratore tó ń bá wa ṣe é, bíríkìlà àtàtà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń bá òkúta sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Kò jẹ́ ká lo sìmẹ́ńtì. Ó ní ilé òkúta ń mí, bí o bá fi sìmẹ́ńtì dí i, á máa làágùn títí tó máa fi ṣàìsàn. Calce ni ká lò, eérú òkúta funfun yẹn tó ń jóni lọ́wọ́. Gbogbo Sátidé ìgbà òtútù yẹn, èmi àti Dádì á máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìdọ̀tí àtijọ́ kúrò láàárín òkúta, Lorenzo á máa tẹ̀lé wa, á máa fi calce dí àlàfo rẹ̀. Imú wa funfun, irun wa funfun. Mo jọ bàbá àgbà mi.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wọ ilé náà. Igi tó nípọn. Bí o bá fọwọ́ kàn án, á ṣí wẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, wẹ́rẹ́ ló ń ṣí.

Òrùlé dé orí ẹ̀ tán, Dádì ní kí Màmá wá wò ó.

Ọ̀sán ni. Mo sọ ọ́ nítorí mo rí yín, ẹ ti ń retí òru. Kò sí òru níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, Lorenzo wà lẹ́yìnkùlé tó ń fi òòlù gbẹ́ òkúta, kó, kó, kó. Dádì mú Màmá lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Màmá fà á láṣọ.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé nìyẹn?"

"Màmá, ilé wa ni."

"Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ?"

Dádì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá tún ìró ẹ̀ ró, ó dúró dáadáa síwájú ilẹ̀kùn, ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó dé ilé àna:

"Àgò o! Àgò onílé o!"

Ìrètí àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Nonna, dai, non c'è nessuno!" Ó ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Òòlù Lorenzo dákẹ́. Ẹyẹ tó ń ké lórí ọ̀pọ̀tọ́ dákẹ́.

Ohùn kan dáhùn nínú ilé.

"Àgò yà."

Ohùn náà kò lọ sókè. Kì í ṣe ohùn àjèjì náà. Bí ìgbà tí obìnrin kan wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí ò ráyè yíjú, tó kàn dá ẹni tó wà níta lóhùn.

"Ẹ kú ilé o," Màmá ní. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wọlé.

Dádì yíjú sí mi.

"Sànmí."

"Dádì, èmi kọ́."

"Sànmí, jáwọ́."

"Ẹ wo ẹnu mi, sà. Búrẹ́dì focaccia ló kún ibẹ̀."

Ó wò ó. Focaccia ló kún ibẹ̀ lóòótọ́. Dádì wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó tẹ̀ lé Màmá wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ dá mi lóhùn: ta ló kọ́ ilé àwọn ará Piemonte ní èdè Yorùbá?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dádì ti ilẹ̀kùn náà. Kò ṣí. Ó fi èjìká tì í. Kò ṣí. Lorenzo wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, ó ní igi ló wú, omi òjò ló mu. Òjò wo? Kò sí òjò. Ó mú ìfági, ó fá etí ẹ̀, ó fá a títí tí mo fi ń rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti férémù. Kò ṣí.

Màmá ń bọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ látinú mọ́tò.

"Ẹ ò kágò ni," ó ní.

Ó kágò. Wẹ́rẹ́.

Lorenzo wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ó ní kí ni ìyá àgbà yẹn ń sọ sí ilẹ̀kùn. Mo ní bí àwọn ṣe máa ń sọ "permesso" kí wọ́n tó wọlé onílé náà ni. Ó mi orí, ó ní ó dáa. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Permesso?" Ilẹ̀kùn ò mira. Mo ní, "Kò gbọ́ Italiano." Ó wò mí bíi pé kó gbá mi létí. Nígbà tó yá, ó wo ọ̀tún wo òsì bóyá ará abúlé ẹ̀ kan ń bọ̀, ó sì rọra sọ ọ́, pẹ̀lú ẹnu Piemonte ẹ̀:

"Agò."

Wẹ́rẹ́.

Lorenzo fọwọ́ ya àmì àgbélébùú. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ lu ògiri pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń yin màlúù. "Educata," ó ní. Ó ní ilé náà lẹ́kọ̀ọ́. Ó sì wọlé lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn gbogbo wa ń kágò. Kì í dá wa lóhùn o. Màmá nìkan ló ń dá lóhùn. Àwa, ilẹ̀kùn á kàn ṣí.

Ẹ wá wo Màmá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ó gbin ata, ó gbin tòmátì, ó gbin tẹ̀tẹ̀ síwájú ilé, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn lórí ilẹ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ, ó ń bèèrè ẹran. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á wọ kíṣìnì lọ jókòó síbi ògiri ìdáná, á máa sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé lọ́jọ́ kan, mo fetí sílẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ òfì tí ìyá ẹ̀ ń hun, bí wọ́n ṣe máa ń pa òwú láró. Á sọ ọ́, á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà á gùn tó èsì. Á sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin náà! Irú ọkọ wo wá nìyẹn?"

Á tún dákẹ́.

"Háà. Kẹ́ ẹ sì ń se oúnjẹ fún un?"

Mo yẹjú wo inú kíṣìnì. Màmá nìkan ni. Calce tí Lorenzo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ògiri yẹn ò tíì gbẹ, òtútù ń ti ara ẹ̀ jáde. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni.

Kò bèèrè mọ́ pé ìgbà wo ni Dádì máa mú òun lọlé.

Ìrètí ló lọ sọ fún Mọ́mì, ẹnu ẹ̀ ò lè dúró síbì kan. "Mamma, la nonna parla col muro." Pé Màmá ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mọ́mì ju síbí sílẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ fa á, mà. Ilé òfìfo ni. Ẹ lọ pè é ní onílé, ó wá di onílé."

"Ìyàwó mi, ta ló sọ fún ẹ pé òfìfo ni?"

"Èmi ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ohun tí mi ò rí. Ní orúkọ Jésù, mi ò ní tọrọ ẹ̀."

Kò sì tọrọ ẹ̀. Bí a bá lọ ní Sátidé, Mọ́mì á jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, á gbé kúlà ìrẹsì lé itan, á tan orin ìyìn, á máa wò wá bí a ṣe ń kágò wọlé. Bí ebi bá ń pa wá, a máa jáde wá gba oúnjẹ lójú fèrèsé mọ́tò, bí àwọn tó ń ra nǹkan lójú títì. Lorenzo náà máa ń tò. Ó fẹ́ràn ìrẹsì Mọ́mì, ata ẹ̀ nìkan ló ń pa á lẹ́kún.

Ẹ má rò pé Mọ́mì burú o. Casa di riposo ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, òun ló ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá lójoojúmọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Dádì ní kíṣìnì wa pé:

"Mo mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ògiri nìkan ni wọ́n máa fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ máa wọlé, wọ́n á ní ta ni yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá Sànmí. Ẹ jẹ́ ká ta ilé yẹn kó tó gbà wọ́n lọ́wọ́ wa."

Màmá gbọ́ ọ. Fílàtì wa kò gbòòrò, gbogbo wa la máa ń gbọ́ nǹkan.

"Ẹ tà á," ó ní láti yàrá. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tà á, ẹ mú mi lọ sí Ìsẹ́yìn. Mi ò padà sídìí fèrèsé yẹn."

Dádì wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fà á títí di oṣù kọkànlá. Sátidé kan, kùrukùru bo gbogbo àfonífojì. Ẹ mọ nebbia. Àmọ́ tọjọ́ yẹn, bí o bá na ọwọ́, wàá máa wá ìka ẹ.

Lorenzo dé ní kùtùkùtù, ó yọ ilẹ̀kùn kúrò pátápátá. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti jẹrà, ó fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ fi igi tuntun sí i. Ó gbé e sínú furgone, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ẹ̀. Ó wá wo ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ó ṣẹ́jú sí mi. "Adesso niente porta." Kò sí ilẹ̀kùn mọ́, ta ló tún fẹ́ dí òun lọ́nà? Kò kágò. Ó ń lọ tààrà láti mú òòlù ẹ̀ nínú ilé.

Ó dé ibi òkúta ẹnu ọ̀nà. Ó yí padà, jẹ́jẹ́. Ó padà sí furgone, ó mú cazzuola, síbí onírin tó fi ń rẹ́ ògiri. Ó tún lọ. Ó dé ibẹ̀, ó yí padà, ó wá mú garawa. Ó tún lọ, ó tún yí padà, ó wá mú okùn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí koríko. Apá ẹ̀ ti kún fọ́fọ́, ó ṣì ń wá ohun tó máa mú.

"Lorenzo, che fai?" Mo ní kí ló ń ṣe.

Ó wo ẹrù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Non lo so," ó ní. Òun ò mọ̀.

Ojú ẹ̀ funfun bíi calce. Mo dẹ́kun ẹ̀rín. Ó kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó ní "Agò" wẹ́lẹ́, ó wọlé, ó mú òòlù, ó jáde. Kò dúró mu kọfí. Mo gbọ́ furgone ẹ̀ nínú kùrukùru títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Dádì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò tó. A ní láti lọ ra ọ̀rá ńlá ní ìlú ìsàlẹ̀ kí òtútù ìrọ̀lẹ́ tó dé. Dádì ní kí Màmá jẹ́ ká jọ lọ.

"Ẹ̀wà mi wà lórí iná," Màmá ní. "Mi ò sì dá wà."

Mọ́mì gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn láti inú mọ́tò. Ó gbé fèrèsé sókè.

Nínú mọ́tò, a ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà kí Dádì tó lanu.

"Mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Tí a bá jẹun tán, mo máa sọ fún Màmá."

Mọ́mì gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ẹ̀ lórí jíà. Inú ẹnì kankan ò dùn. A ra ọ̀rá, a padà.

Nígbà tí a dókè, ọ̀sán ṣì ni, àmọ́ kò jọ ọ̀sán. Dádì pa mọ́tò. Kò sí ìró kankan. Èéfín ò yọ lórí òrùlé mọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ti já bọ́ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, inú ẹ̀ dúdú.

Òórùn ẹ̀wà tó jó.

"Àgò o," Dádì ní.

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Àgò onílé o!"

Omi ń kán láti etí òrùlé. Tó. Tó.

"Màmá!"

Dádì sáré. Mo rí i. Ó sáré dé ibi òkúta ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó ń rọra bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ṣí bùútù mọ́tò. Ó dúró, ó ń wo inú ẹ̀.

"Sànmí, kí ni mo ní kí n mú?"

"Dádì, Màmá wà nínú ilé!"

Ojú ẹ̀ là. Ó tún sáré. Ó tún yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń sunkún, ọwọ́ ẹ̀ sì tún ń ṣí bùútù.

Èmi náà sáré. Mo rántí òkúta náà lábẹ́ bàtà mi. Ohun tí mo tún rántí lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wà lẹ́yìn mọ́tò, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi balẹ̀ bí ọkàn ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó ti jẹ́ ẹ. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Pé ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti dákẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mọ́mì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó gbé kúlà kúrò lórí itan, ó gbé e sórí àga. Ó bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ kúrò níbẹ̀," ó sọ fún èmi àti Dádì.

Ó dúró níwájú ilé. "Àgò o." Bí ẹni tó wá jà ló ṣe sọ ọ́. Kò sí èsì. Omi ń kán.

Mo rí i tó mí kanlẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀. Lórí òkúta tútù yẹn, orúnkún méjèèjì, pẹ̀lú kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, mà," ó ní. Ohùn ẹ̀ kéré. "Mo ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò kí yín. Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé. Ìyá wa wà lọ́dọ̀ yín. Mi ò wá bá yín du wọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ n rí wọn. Àgò o."

Omi ò kán mọ́.

Ohùn náà dáhùn. Ó sún mọ́ tòsí, bíi pé ẹni tó ni ín ti dìde nídìí iṣẹ́, tó ti rìn wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò yà, Àwẹ̀ró."

Nǹkan kan jáde lẹ́nu Mọ́mì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wọlé. Èmi àti Dádì tẹ̀ lé e, òkúta ẹnu ọ̀nà náà kò sì ju òkúta lọ.

Màmá wà lórí àga, orí ẹ̀ ti ṣubú sí àyà. Dádì ò lè sún mọ́ ọn. Mọ́mì ló lọ, ó fi ìka méjì síbi ọrùn Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ ẹ̀. Ó dúró. Ó dúró.

"Wọ́n ń sùn," ó ní. Ó jókòó lé àpò calce.

Ìkòkò ẹ̀wà ò sí lórí iná. Ilẹ̀ ló wà, lórí aṣọ kan tí wọ́n ṣẹ́ po sí mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ nìkan ló jó díẹ̀.

Màmá lajú.

"Ẹ ti dé? Ẹ ò sì kágò."

"A kágò, Màmá," Dádì ní.

"Mi ò gbọ́. Oorun ló gbé mi lọ." Ó rí ìkòkò nílẹ̀. "Ta ló bá mi sọ ẹ̀wà mi kalẹ̀?"

Màmá wo Mọ́mì lórí àpò calce, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún. Ó wò ó pẹ́.

"Ìyàwó mi. O wọlé."

"Mo wọlé, mà."

Dádì wú ikọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́..."

"Kò sí ọ̀rọ̀," Mọ́mì ní.

"Ìyá Sànmí..."

"Bàbá Sànmí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ lọ fi ọ̀rá yẹn dí ẹnu ọ̀nà kí òtútù má pa Màmá. Ẹ sì pe ọkùnrin yẹn, ẹ sọ fún un pé ilé wa kì í ṣe títà. Sànmí, lọ gbé kúlà wá. Màmá, àwo dà?"

Nígbà tí a ń padà sí Torino, Mọ́mì wò mí nínú dígí mọ́tò.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?"

"Mọ́mì, èmi kọ́. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi."

Ó wo Dádì. Dádì mi orí. Ìlú Brescia ni wọ́n ti pàdé, Rónkẹ́ ni Dádì mọ̀ ọ́n sí. Mọ́mì kọjú sí kùrukùru.

"Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Dádì ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn: pé Mọ́mì ò tíì ní permesso, ìwé ìgbélùú, nígbà tí ìyá ẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé tó bá lọ, kò ní lè wọlé padà, pé fóònù ni wọ́n fi gbé ariwo ìsìnkú sí i létí nínú yàrá kan ní Brescia, tó ń gbọ́ ọ. Èmi ò mọ̀. Ọmọ ẹ̀ ni mí, mi ò mọ̀.

Ilé náà parí nígbà tí òtútù lọ. Ilẹ̀kùn ti padà, pẹ̀lú igi tuntun nísàlẹ̀ ẹ̀. Màmá ti kó lọ síbẹ̀, obìnrin kan lábúlé máa ń wò ó láàárọ̀, Màmá sì ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kágò. Ọjọ́ tí Mọ́mì ò bá lọ síbi iṣẹ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní òun ń lọ bá Màmá fọ aṣọ. Aṣọ mélòó ni Màmá ní?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé bombola gáàsì lọ fún wọn. Màmá wà níta, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí tẹ̀tẹ̀ ẹ̀, ó ń já a. Ó fi àgbọ̀n júwe ilé fún mi. "Ìyá ẹ wà nínú ilé."

Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mọ́mì ń sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Àmọ́ mo mọ ohùn Mọ́mì: ohùn tó fi ń bá Dádì wí, ohùn ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn tó fi ń dá àwọn ará Comune, ìjọba ìbílẹ̀, lóhùn. Eléyìí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ohùn ọmọdé ló jọ. Á sọ ọ́, á dákẹ́, á rẹ́rìn-ín.

Mo wẹ̀yìn. Màmá wà nídìí tẹ̀tẹ̀, ó ń kọrin sí ara ẹ̀ lábẹ́ ahọ́n.

Mo gbé bombola sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo kágò bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

Wọ́n dákẹ́ nínú ilé. Àwọn méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn, tí onítọ̀hún wá já lù wọ́n.